"Nice", ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ń ru ẹrù ńlá

Nínú ìwé tí ó kọjá, a ṣèlérí fún yín pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ó jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí ni "sensible", èyí tí ó jọ "sensible" ti Faransé bí ìbejì, tí ìtumọ̀ wọn kò sì bá ara wọn tan. A tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti já síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ. Láti "sixième" ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé wa ti ń fi í ṣeré lẹ́nu, àwa olùkọ́ wọn náà sì rò pé a ti mọ̀ ọ́n tán. "Nice" ni. Bí ó ṣe dójú tì wá ni a fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí a tó sọ ibi tí ó ti wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan, ọmọ bíbí Kétu, wá bá wa nílé. Ó ti gba BAC rẹ̀, ó sì fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní òdìkejì ẹnubodè, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a fi kọ́ ọmọ náà, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà a kò lọ́ra rárá. A mú bébà, a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé: "He is a very nice boy. He comes from a nice family and he was always nice to his teachers." A fi ọjọ́ sí i, a fọwọ́ sí i, a sì fà á lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà. Ọkàn wa balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a fi "nice" yìn ín. Kí ni ènìyàn tún ń fẹ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ó fi padà wá, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí wa, a ní kí wọ́n dìde kí wọ́n jókòó, a fún wọn lómi. Lẹ́yìn tí wọ́n mu omi tán ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Olùkọ́, ẹ má bínú o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, kí ni ẹ kọ sínú ìwé tí ó gbé lọ yẹn?"

A dáhùn pé, "Ìyá, ohun rere ni a kọ. A ní ọmọ dáadáa ni."

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a ní kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ní, "Monsieur, ọ̀gá tí ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi kà á, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ọ̀rọ̀ kù níbẹ̀. Ó wá bi mí pé, ṣé gbogbo ohun tí olùkọ́ mi mọ̀ nípa mi nìyẹn? Ó ní ẹni tí kò rí mi rí náà lè kọ ọ́. Ó ní kí n mú òmíràn wá kí oṣù yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní ka orúkọ mi mọ́ àwọn tí wọn yóò yẹ̀ wò."

Ojú tì wá. A kọ́kọ́ fẹ́ bínú sí ọ̀gá náà. A ń sọ nínú ara wa pé ìgbéraga àwọn tí ó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí àlejò ti lọ, tí a jókòó ti ìwé náà lábẹ́ iná, òtítọ́ hàn sí wa. Ọ̀gá náà kò jẹ̀bi. Bí a bá yọ orúkọ ọmọ náà kúrò, tí a fi orúkọ ọmọ mìíràn sí i, kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí yóò yí padà.

Kí ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a kọ "nice"? "Gentil" ti Faransé ni. Lẹ́yìn "gentil" náà sì ni "ó dára" ti Yorùbá wà. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a gba ilé-ìwé Faransé kọjá ti ń ṣe nìyẹn: a ó fi Yorùbá rò ó, a ó gba inú Faransé kọjá, kí ọ̀rọ̀ tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹrù díẹ̀ a máa jábọ́. Ìgbà tí a fi dé "nice", igbá òfìfo ni ó kù lórí wa, a kò sì mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Ní èdè Látíìnì, "scire" ni láti mọ̀. Ìdílé rẹ̀ ni "science" tí à ń kọ́ ní ilé-ìwé ti jáde. Bí a bá fi "ne", tí í ṣe "kò", ṣáájú rẹ̀, a ó dé ọ̀dọ̀ "nescius", aláìmọ̀kan. "Nescius" yìí ni ó di "nice" lẹ́nu àwọn Faransé ayé àtijọ́, òmùgọ̀ ni wọ́n sì ń fi í pè. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandie ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, Faransé di èdè ààfin níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọ́ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì bí àgbàrá. "Nice" wọlé ní nǹkan bí 1300. Geoffrey Chaucer, akéwì ńlá wọn tí ó kú ní 1400, lò ó ní ìtumọ̀ òmùgọ̀ yìí. Ká ní ìgbà ayé rẹ̀ ni a kọ ìwé ẹ̀rí wa ni, ohun tí à bá máa sọ ni pé ọmọ náà gọ̀ gan-an, pé ìdílé àwọn òmùgọ̀ ni ó ti wá.

Àwọn ọmọ kíláàsì wa máa ń béèrè bóyá ọ̀kan náà ni "nice" àti "niais", nígbà tí ó jẹ́ pé òmùgọ̀ náà ni "niais" ń sọ. Rárá. Inú ìtẹ́ ẹyẹ ni "niais" ti wá: ọmọ àṣá tí kò tíì kúrò nínú ìtẹ́, tí kò sì tíì mọ bí a ti í fò, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìlú Nice tí ó wà létí òkun ní ilẹ̀ Faransé kò sì bá èyíkéyìí nínú wọn tan. Àwọn Gíríìkì ni ó dá ìlú náà sílẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún ìṣẹ́gun ni orúkọ rẹ̀ sì ti jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á bíi "náìsì" níwájú òyìnbó Faransé.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti í rìn. Láti orí òmùgọ̀, "nice" bọ́ sórí ìwà afẹ́ àti ìṣekúṣe. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí aṣàyàn, ẹni tí oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ kì í bá lára mu, tí aṣọ kì í tẹ́ lọ́rùn, tí ó ń yọ egungun kúrò nínú ẹja tí kò ní egungun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣòro láti bá gbé, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bùn kan: ojú rẹ̀ mú. Ó lè rí ìyàtọ̀ láàárín ohun méjì tí àwa yòókù rò pé ọ̀kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni "nice" ṣe di ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó rí fínnífínní, tí ó gba ojú tí ó mú àti ọwọ́ jẹ́jẹ́. Ìtumọ̀ yìí kò tíì kú. Bí agbẹjọ́rò tàbí onímọ̀ kan bá sọ̀rọ̀ "a nice distinction", kò sọ pé ìyàtọ̀ náà dùn mọ́ òun. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìyàtọ̀ náà tín-ín-rín, ó sì gba àròjinlẹ̀ kí a tó rí i. A sọ èyí nítorí àwọn tí ń múra BAC: a ti rí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí "une belle distinction", tí ó sì rò pé àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n fi dá ẹnì kan lọ́lá.

Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ó tó di ohun tí ó dùn mọ́ni. Ìtumọ̀ inú rere, èyí tí ó súnmọ́ "gentil" jù lọ, tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni òun fìdí múlẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí ọ̀rọ̀ náà ti gba àárín gbogbo ìpele wọ̀nyí kọjá, kò sì yà wá lẹ́nu. "Gentil" fúnra rẹ̀ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ti ìdílé kan náà ni "gentilis" ní Látíìnì. Ó di ẹni tí a bí sínú ìdílé ọlọ́lá, bí a ti rí i nínú "gentilhomme". Lónìí, ọmọdé tí ó bá ti gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni à ń pè ní "gentil". Ọ̀kan gòkè láti inú àìmọ̀kan wá sí ibi ìyìn, èkejì sọ̀kalẹ̀ láti orí àga ọlá wá sí ilé-jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n sì pàdé lójú ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí "nice" di ọ̀rọ̀ ìyìn tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi yin ohun gbogbo. Jane Austen, òǹkọ̀wé obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní oṣù Keje 1817, ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Northanger Abbey, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ìparí ọdún yẹn kan náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ìwé náà, Catherine, fi "nice" yin ìwé tí ó fẹ́ràn láti máa kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ ń rìn, Henry Tilney, kò jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó ti ní iṣẹ́ pàtó rí ni wọ́n ń ná ní ìnákúnàá yìí. Ó ti lé ní 200 ọdún tí ẹ̀fẹ̀ yìí ti jáde. Ní 1926, H. W. Fowler tún ráhùn lórí ọ̀rọ̀ náà nínú A Dictionary of Modern English Usage, ìwé tí àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wò bí ẹni ń wo àgbà. Ìráhùn kò dá a dúró. Bí ẹ bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbikíbi, ẹ ó gbọ́ "nice" kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ má rò pé a fẹ́ kí ẹ lé e kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ ojúmọ́ ni, ó sì ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún yín, tí oúnjẹ náà sì dùn, ẹ sọ fún un pé "This is nice", inú rẹ̀ yóò dùn. Ọjọ́ tí oòrùn kò mú ganrínganrín, tí òjò kò sì rọ̀, "nice weather" ni. Ibí yìí ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣìnà, nítorí "gentil" kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sí Faransé tí í sọ pé ojú ọjọ́ "gentil". "Beau", "bon", "joli", "agréable", "sympathique", "gentil", mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni "nice" lè dúró fún, ibi tí a bá lò ó sí ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú rere ni ó máa ń sọ, kì í ṣe ẹwà. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa kọ ọ́ nígbà kan pé "My sister is nice but she is wicked." A fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, a bi í léèrè, ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀gbọ́n òun lẹ́wà ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ burú. "Nice-looking" ni ì bá kọ, tàbí "pretty". Bí ó ti kọ ọ́ yẹn, ohun tí ó sọ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní inú rere, ó sì tún jẹ́ ìkà. A kò sọ pé kò sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní ìlò kan tí ìwé gírámà àwọn ọmọ wa kì í ṣàlàyé. Bí ẹnì kan bá sọ pé ohun mímu kan "nice and cold", kì í ṣe ohun méjì ni ó ń sọ, pé ó dára, pé ó sì tutù. Ó tutù bí a ti fẹ́ kí ó tutù ni. Yorùbá tí ó sọ pé omi tutù nini sún mọ́ ọn ju Faransé lọ. Ní ti "Nice to meet you", "Enchanté" ni Faransé yóò fi dáhùn, àwa kò sì ní gbólóhùn kan ṣoṣo fún un. Ìkíni ni tiwa: a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, a ó béèrè bí ọ̀nà ti rí, kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé inú wa dùn láti rí òun. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ná ọjà lẹ́nubodè Ìgólò tún ti gba "Nice one!" wálé fún "O káre!" Kò burú.

Ẹ ṣọ́ra fún un nígbà tí ohùn bá yí padà. "A nice friend you are!" kì í ṣe ìyìn, gẹ́gẹ́ bí "C'est du joli!" kì í ti í ṣe ìyìn ní Faransé. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ọmọ tí ó fọ́ àwo, tí ìyá rẹ̀ wò ó tán tí ó sì rọra sọ pé "Ó dáa bẹ́ẹ̀", mọ̀ dájú pé kò dáa.

Ibi tí "nice" ti ń dani lẹ́yìn ìlérí ni ibi tí wọ́n bá ti ní kí a jẹ́rìí ẹnì kan. Ẹni tí wọ́n bi léèrè nípa ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, tí kò rí ohun mìíràn sọ ju "He's nice" lọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa gbọ́ ohun tí kò sọ. Wọn a rò pé ọmọ-iṣẹ́ náà kò lè ṣiṣẹ́, pé àánú ni ó mú kí ọ̀gá rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tútù fi bo ibẹ̀. Faransé náà ní irú rẹ̀: "Il est bien gentil", kí ẹ sì máa retí "mais". A ti mọ èyí tipẹ́ nílé wa kí a tó mọ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ó sì dùn wá jù. Nígbà tí ìdílé kan ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ bá fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, wọn a rán ènìyàn lọ ṣe ìwádìí ní agboolé kejì. Bí aládùúgbò tí wọ́n bá níbẹ̀ bá ní, "Háà, ènìyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n dára", tí ó sì gbẹ́nu dákẹ́, ẹni tí wọ́n rán kò ní dìde. Yóò tún jókòó. Yóò béèrè bí bàbá ilé ṣe ń ṣe sí àwọn aya rẹ̀, bí wọ́n ti ń san gbèsè, ẹni tí ó tọ́jú ìyá àgbà títí ó fi kú. "Wọ́n dára" ni ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí í dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn sọ pé òun ti rí inú ilé.

Èdè Yorùbá kò fi wá sílẹ̀ láìní ohun tí a ó bá wọ inú ilé náà. Òótọ́ ni pé "dára" gbòòrò bí "nice": ọbẹ̀ dára, aṣọ dára, ọjà dára, àlá tí a lá dára. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ dùn, aṣọ wuyì, ilé tura, orin mórí wú. Nígbà tí ó bá sì kan ènìyàn, èdè wa tún máa ń yà á sọ́tọ̀ sọ́tọ̀. Ọlọ́yàyà kì í ṣe ọlọ́wọ́ ṣíṣí. Ẹni tí ó lójú àánú lè má ṣeé finú hàn. Oníwà pẹ̀lẹ́ lè jẹ́ ọ̀lẹ, akíkanjú sì lè má ní sùúrù kankan. Ó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ wa, ní Àjàṣẹ́ pàápàá, bá jókòó sí àárín gbogbo ọrọ̀ yìí tí wọ́n ń sọ pé "ó nice gan-an". Kì í ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ àjòjì ni. Yorùbá ti gba àlejò púpọ̀ láyé. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni ó ń gbapò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn. A mú bébà tuntun. Èrò wa àkọ́kọ́ ni pé kí a pa "nice" rẹ́, kí a sì wá ọ̀rọ̀ tí ó lágbára jù ú lọ. A kọ "honest", a kọ "hardworking", a kọ "reliable". A kà á. Òfo kan náà ni, aṣọ rẹ̀ ni ó yí padà. Gbogbo ìwé ẹ̀rí tí a ti rí láyé wa ni ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, títí kan èyí tí a kọ fún ọmọ kan tí a kò bá gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí wa lé lọ́wọ́. A fi kálámù sílẹ̀, a bi ara wa léèrè ohun tí a rí gan-an tí ó mú kí a fẹ́ràn ọmọ yìí.

Ó wá sí wa lọ́kàn. Ní "première" ni. A dá ìwé ìdánwò padà fún kíláàsì, a sì ti ro máàkì ọmọ náà pọ̀ lódì: 16 lórí 20 ni a kọ sí orí ìwé rẹ̀. Nígbà tí agogo lù tí gbogbo wọn jáde, ó dúró. Ó gbé ìwé náà wá sórí tábìlì wa, ó ní, "Monsieur, ẹ má bínú, mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 14 ni." A ṣírò rẹ̀. 14 ni lóòótọ́. A fa igi lé 16, a kọ 14, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ní ọdún yẹn, 16 náà ni ì bá gbé e sí ipò kìíní. Ipò kẹta ni ó gbà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwa náà kò sọ ọ́. Òun gan-an ni ohun tí ó wà lábẹ́ "nice" wa ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí kò sì sí ẹni tí ó lè rí i níbẹ̀.

A kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀, ní gbólóhùn kúkúrú tí ọmọ "quatrième" lè kà. A fi kún un pé òun ni ó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ kíláàsì fún ọdún méjì, àti pé ní ọjọ́ tí wọ́n túká, ó ka owó náà sílẹ̀ lójú gbogbo wọn dé orí ẹyọ 25 fráǹkì tí ó gbẹ̀yìn. A kọ ọ́ pé ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí kò sí kíláàsì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìṣirò lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga. A tún kọ ibi tí ó kù sí, nítorí ìwé ẹ̀rí tí kò ní àbùkù kankan a máa fura lójú ẹni tí ń kà á: Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kò tíì yọ̀, a sì rò pé ọdún kan láàárín àwọn tí ń sọ ọ́ yóò tó. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. "Nice" kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ dé kí a tó fọ ẹnu tán. Ìyá náà ní kí a jọ̀wọ́, kí a kà á sí òun létí ní Yorùbá kí ó tó gbé e lọ, kí òun náà mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A kà á. Nígbà tí a dé ibi 16 àti 14, wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí a dúró.

Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ìgbà wo ni èyí ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ náà ní, "Ó ti pẹ́, Màmá. Ọdún tí bàbá wà lórí àìsàn."

"Ọdún tí bàbá rẹ ní òun yóò fún ọ ní kẹ̀kẹ́ bí o bá gba ipò kìíní?"

Kò dáhùn. Ìyá rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì sọ fún wa pé kí a máa kà á lọ.

Ìwé náà gba ọ̀nà Ìlárá kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, nínú àpò kan tí ìyá náà fi ọwọ́ ara wọn rán ẹnu rẹ̀ pa kí òjò má ba à wọ̀ ọ́. Títí di ìgbà tí à ń kọ èyí, èsì kò tíì dé. "Sensible" ṣì wà ní ìdúró, àwa àti ẹ̀yin yóò jọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé tí ń bọ̀.